Wáyà Eyín Ìyàwó Lagilagi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í tún eyín tò, ẹ júwe ilé ìyàwó Lagilagi fún un. Obìnrin yìí ti ní ọmọ nílé ọkọ, ewú ti yọ sí i nípàkọ́, orúnkún rẹ̀ sì ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò fún un, kó tó lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ iléèwé lọ́dọ̀ dókítà eyín, tó la ẹnu, tó ní kí wọ́n so wáyà mọ́ gbogbo eyín òun. Àwọn aráàdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé ọkọ tuntun ló fẹ́ fẹ́ ni. Wọn ò mọ̀ pé nítorí ọkọ tó wà nílé náà ni.

Onídìrí ni obìnrin náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, pẹ̀lú àga díẹ̀, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, àti fáànù kan tó ń mi orí bí àgbàlagbà tí kò gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ máa rí i pé kò sí dígí níwájú àga. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí wo ni kì í ní dígí? Ó ní dígí o, ṣùgbọ́n ó dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìgbà tó bá parí irun tán ló máa ń gbé e fún oníbàárà. Ó ní torí kí wọ́n má baà máa da òun láàmú lẹ́nu iṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Eyín rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹ̀yìn orí oníbàárà ló ti máa ń sọ̀rọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè wo ẹnu rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti jẹ́ aláwàdà ẹ̀dá. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín débi tí irun á fi máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á wá fi ìyarun kan wọ́n lórí pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Eyín ọ̀hún, kí n má purọ́, yọ síta. Méjì iwájú gun ara wọn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì ń wá ibi tí wọ́n máa rọ́ gbà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí òjò bá ti ṣú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ á ní kó yáa rẹ́rìn-ín kí àwọn lè rí ibi sá sí. Ó sunkún délé. Ìyá rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lè kọ́ ọ. Ó ní, "Bó o bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ mi, rọra gbé ọwọ́ sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó máa rí i." Ìfẹ́ ni ìyá fi sọ ọ́, mi ò dá a lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ òsì ọmọbìnrin yìí ti ń gòkè lọ sẹ́nu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ó bo ẹnu nígbà tí Lagilagi ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ó bò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà ní pálọ̀ wọn, ọwọ́ yẹn wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ya fọ́tò.

Lagilagi, ọkọ rẹ̀, ilé ìlapákó ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹni tó bá kí i, ó máa kí i padà. Ọmọ tó bá bi í ní ìbéèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín ló máa fi dá a lóhùn. Fóònù nìkan ni kò fẹ́ràn, ó ní ọ̀lẹ ló ń jókòó sójú kan bá ẹni tó wà níbòmíràn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn tí wọ́n jọ ń jí, ni kì í dá lóhùn. Obìnrin náà á bi í pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin náà á mi orí, á ní, "Ó dáa." Ìgbà mìíràn kò tiẹ̀ ní mi orí rárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ahọ́n àti eyín a máa jà, gbogbo wa la mọ ìyẹn, àwọn tó ń jà ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ti gbogbo ayé, tó wá jẹ́ pé ti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́, kí ni obìnrin fẹ́ rò nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó rò pé òun ti sú u. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, àbúrò rẹ̀ pè é láti ìlú míràn pé oyún òun ti bà jẹ́. Oyún tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún gbọọrọ ni. Onídìrí jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún díẹ̀, ó fọ ojú, ó sì jáde sí pálọ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gé èékánná lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó sọ fún un.

Lagilagi gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́." Ó sì ń gé èékánná rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú báàgì. Ó pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò òun ni òun ń lọ, òun kò sì ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀yìn gba ilẹ̀kùn jáde. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún un lójú kojú, níbi tí kò ti ní lè sọ pé òun kò gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó gba ilé ìlapákó lọ.

Kò tíì kọjá géètì ibẹ̀ rí. Bó ṣe wọlé, ariwo gbá a lójú. Ayùn ńlá ń la gẹdú láti orí dé ìdí, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó sì funfun sí ìpéǹpéjú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ó sáré fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí tó ti rí ohun tí kò rí rí. Àwọn ọkùnrin náà ń tàkúrọ̀sọ. Ẹnì kan wà nídìí ayùn, ẹnì kejì wà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ń to pákó sí, wọ́n ń ya ẹnu sí ara wọn, wọ́n ń fún ètè pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ilé ìlapákó, orí ètè gan-an ló wà. Lagilagi fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń da ẹ̀rín sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹnì kan sọ láti òpin ilé.

Ó rìn lọ bá a. Báàgì wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì wà létí. Ó ní, "Mò ń lọ." Òun gan-an kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ojú Lagilagi yí padà, ó ya ẹnu dáadáa bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì rí ọ̀rọ̀ náà lórí ètè rẹ̀. "Lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Mi ò sì ní padà wá."

"Kí ni mo ṣe?"

"Oyún rẹ̀ bà jẹ́. Mo sọ fún yín lánàá, ẹ ní ẹ dúpẹ́."

Lagilagi gbá orí mú. Ó yíjú sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ṣẹ́wọ́ sí i, ọkùnrin náà sì pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọwọ́ onídìrí kúrò létí, bó sì ti kúrò níbẹ̀ ni èyí òsì bọ́ sí ipò rẹ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Ṣé ẹ wá gbọ́ mi lónìí?"

Lagilagi ń wò ó. "Kí lo wí?"

Ẹ gbọ́ nǹkan o. Nínú ariwo tó lè jí òkú, ọkùnrin yìí gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́, kò gbọ́ ẹyọ kan. Onídìrí mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Ó dá ọwọ́ padà sẹ́nu. Ó rọra sọ lẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pé, "Iná ń jó aṣọ yín lẹ́yìn."

Ọkùnrin tó pa ẹ̀rọ sáré wo ẹ̀yìn Lagilagi. Lagilagi fúnra rẹ̀ mi orí sí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní, "Ó dáa."

Obìnrin náà jókòó sórí pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó bú sẹ́kún. Ariwo ayùn ti jẹ etí ọkọ rẹ̀ tán láti ọdún wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó fura, torí iṣẹ́ kan náà tó jẹ ẹ́ létí ló kọ́ ọ láti máa fi ojú gbọ́rọ̀. Ó ń gbọ́ ti ọmọ, ó ń gbọ́ ti aládùúgbò, ó ń gbọ́ ti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ tirẹ̀ ni ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu.

Báàgì padà sílé. Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò onídìrí, wọ́n bá a kẹ́dùn bó ṣe yẹ. Wọ́n lọ rí dókítà etí pẹ̀lú, ó sì sọ fún wọn pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ etí Lagilagi kò ṣe ju kó máa kùn bí kòkòrò nínú ìgò, nítorí náà ó yọ ọ́ sílẹ̀. Ìjíròrò tí tọkọtaya yìí máa ṣe títí dọjọ́ ogbó wá kù sórí nǹkan kan: kí ọwọ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀hún kọ̀. Onídìrí fi ìdí jókòó lé e, ó gòkè. Ó fún un ní ife dì mú, ó gbé ife sílẹ̀, ó gòkè. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ohun téèyàn fi ogójì ọdún kọ́, ọ̀sẹ̀ kan kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọwọ́ kò bá gbà láti fi eyín sílẹ̀, òun máa tún eyín ṣe kí ọwọ́ má baà rí iṣẹ́ ṣe mọ́.

Dókítà eyín kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó wo ẹnu náà pẹ̀lú iná, ó fi nǹkan rírọ̀ kan tẹ àwòrán eyín náà, ó sì sọ fún un lẹ́yìn ìbòmú pé, "Mà, ó lè tó ọdún méjì o."

"Ọmọ mi, ìgbà tí mo ti ń bò ó, kí ni ọdún méjì?"

Ó dun ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, wáyà eyín ń dunni. Lọ́jọ́ tí wọ́n so ó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ gan-an le lẹ́nu rẹ̀. Irin ń họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, ó wá ń já ìda rírọ̀ tí dókítà fún un, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ẹnu rẹ̀ ti di géètì báǹkì. Òmíràn bi í bóyá wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ mọ́lé ni. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn orí wọn.

Ibi tó le wà nílé. Ètè rẹ̀ wú lórí wáyà, kò pa dé dáadáa mọ́. Lagilagi á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, á tẹjú mọ́ ọn, á sì ṣìnà. Ìyàwó ní kó bá òun ti fèrèsé, ọkọ lọ gbé àga wá. Ó ní kó jókòó, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìwọ̀nba èyí tó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ṣèèṣì kúrò, kò gbọ́ ọ mọ́. Ojú sì tún ń ti obìnrin náà nítorí irin tó ń dán, ọwọ́ òsì wá ń gòkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó ṣe kí ọkọ òun lè gbọ́ òun ló wá sọ ọkọ di àlejò sí i. Àkọ́bí wọn wá kí wọn, ó jókòó tì wọ́n títí, ó sì pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Dádì ti ń dákẹ́ jù."

Ó gbà. Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ yọ ọ́, Lagilagi ní òun ń tẹ̀ lé e lọ.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbòmú lójú. Lagilagi na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ẹnu yín. Ojú ni mo fi ń gbọ́rọ̀." Dókítà wo ìyàwó Lagilagi, onídìrí mi orí sí i. Dókítà yọ ìbòmú, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: bí wọ́n bá yọ wáyà báyìí, gbogbo eyín máa padà síbi tí wọ́n ti wá.

Lagilagi ronú díẹ̀. "Ẹnu rẹ̀ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fi wáyà yìí sílẹ̀ títí ó fi parí, ṣé ẹnu yẹn á padà wá?"

"Rárá, bàbá. Á yàtọ̀. Oṣooṣù ni á máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ yọ ọ́, dókítà." Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Lagilagi kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ náà. Ó mú un, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀. "Ẹ má yọ ọ́," ló wí fún dókítà. "Oṣooṣù tí ẹ bá ti fa wáyà yẹn, ẹ sọ fún mi eyín tí ẹ sún àti ibi tí ẹ sún un sí. Bí mo bá ti mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, màá máa bá a lọ. Mi ò ní sọnù."

Dókítà dorí kodò sínú àwo irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó fa wáyà, ó sì ka ohun tó sún sí Lagilagi létí, àbí kí n ní lójú: eyín iwájú apá ọ̀tún, díẹ̀ sẹ́yìn. Lagilagi mi orí bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún.

Bẹ́ǹṣì wà níta ibẹ̀ lábẹ́ ìbòji ilé. Wọ́n jókòó kí ìrora náà lè rọlẹ̀. Lagilagi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé etí mi ń kú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, kí ni obìnrin fẹ́ fi ọkọ adití ṣe? Mo wá ń sọ pé 'ó dáa, ó dáa.' Mo rò pé béèyàn bá sọ ọ́ tó, nǹkan á dáa." Ó nu imú. "Nígbà mìíràn, tó o bá bo ẹnu, mo máa ń rò pé ńṣe lo ń bú mi níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó o ṣe wà nìyẹn láti ilé ìyá rẹ, ṣùgbọ́n àìgbọ́rọ̀ a máa múni ro ìròkurò."

Onídìrí fọwọ́ kan àgbọ̀n ọkọ rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. "Èmi náà rò pé mo ti sú yín."

Lagilagi wò ó. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yé e, ó ń mi orí pé rárá, rárá. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Gbogbo ohun tó o ti ń sọ fún mi láti ọdún wọ̀nyí wá, ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ gan-an."

"Bẹ̀rẹ̀."

"Láti ibo?"

"Ibi tó bá wù ọ́. A ò kánjú lọ síbì kankan."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló sáré wá sí i lọ́kàn: ẹ̀sùn, ìrora, àwọn alẹ́ tó fi ẹ̀yìn kọ ọ́. Kò mú ọ̀kankan nínú wọn. Ó mú ọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó ti sọ fún un nídìí oúnjẹ rí, tí ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, tí òun sì lọ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Obìnrin kan wá dirí. Ó ní kí n ṣe é kí wọ́n má lè dá òun mọ̀. Mo ṣe é. Ó délé, ajá ilé rẹ̀..."

Ẹ̀rín gbé e. Ó gbìyànjú láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ajá ilé rẹ̀ lé e padà! Ó sáré padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun tú apá kan, kí ajá..." Ẹ̀rín tún gbà á lẹ́nu pátápátá. Oòrùn wọ inú wáyà, ó ń dán yanranyanran, àwọn tó ń kọjá lọ ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ bà á lẹ́rù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan ọkọ rẹ̀, kò sì rántí wọn.

Lagilagi ti sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ẹnu náà, ó ń làkàkà, kò sì rí ohun kan mú níbẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.

"Rẹ́rìn-ín tán ná," ló wí, "mò ń dúró. Bó o bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, mi ò lè gbọ́ ohun tí ajá yẹn ṣe."